ÀGBÀDO TÍ Ó BU, ÀTI ẸṢIN TÍ Ó JẸ Ẹ́
Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn àgbẹ̀ àti fún gbogbo ẹni tí ń sin ẹran



Nínú ìwé Jóṣúà a kà nípa àwọn ará Gíbéónì, tí wọ́n di oúnjẹ gbígbẹ tí ó ti bu sínú àpò wọn, kí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì lè gbà pé ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti wá. Oúnjẹ tí ó bu ni wọ́n fi ṣe ẹlẹ́rìí èké, àwọn àgbà Ísírẹ́lì sì gbà á gbọ́. A sábà máa ń fà á yọ láti inú ìtàn yìí pé kò yẹ kí a dá májẹ̀mú láì kọ́kọ́ gbàdúrà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ mìíràn wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀, èyí ni pé èébu lè tan ènìyàn jẹ, àti pé ohun tí ojú rí lára oúnjẹ kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Èébu tan èmi pàápàá jẹ rí, n ó sì sọ bí ó ti rí. Ní ọdún kan tí òjò pọ̀, àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa kó àgbàdo ìkórè àkọ́kọ́ wálé láti oko rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Kò rí oòrùn sá a tó. Ó rọ ọ́ sínú àpò mẹ́rìnlá, ó sì tò wọ́n jọ sínú yàrá kan ní agboolé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ. Nígbà tí ó fẹ́ gbé wọn lọ sí Ọjà'ba, ó rí i pé àpò mẹ́fà tí ó wà ní ìsàlẹ̀, tí wọ́n fara ti ògiri, ti bu. Òmíràn nínú hóró náà funfun bí òwú, òmíràn pupa rẹ́súrẹ́sú, òmíràn sì ní àwọ̀ ewé. Ó tọ̀ mí wá ní alẹ́, ó ní, “Tíṣà, àgbàdo yìí kò ṣe é tà fún ènìyàn mọ́. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan tí ń sin ẹṣin ní Bẹyẹrúnkà ní òun yóò rà á. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí mo bá tà á fún un?”

Èmi kò ronú kí n tó dáhùn. Mo ní, “Ẹ tà á, Bàbá. Ṣebí ẹran ni yóò jẹ ẹ́.”

Ní òru ọjọ́ náà, ọkàn mi kò balẹ̀. Mo mú ìwé kan lórí ìtọ́jú ẹran jáde láti inú àpótí mi, ohun tí mo sì kà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn yín nísinsìnyí, pẹ̀lú ohun tí mo ti kọ́ láti ìgbà náà wá.

ẸṢIN NÍ ILẸ̀ WA

Kò sí ọmọ Ìbàdàn tí kò mọ iyì ẹṣin. Ẹṣin ni agbára ogun Ìlọrin, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn pàdé wọn ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840 tí wọ́n sì ṣẹ́gun wọn. Ẹṣin ni àwọn ìjòyè àtijọ́ ń gùn, tí ìlù ń lọ níwájú wọn. Ṣùgbọ́n ẹṣin kì í sábà pẹ́ ní ilẹ̀ igbó, nítorí pé irù, eṣinṣin tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ẹran, a máa kó àrùn sí i lára. Láti Òkè Ọya ni a ti ń mú wọn wá, owó ńlá ni a sì ń rà wọ́n. Nítorí náà ẹni tí ó bá ní ẹṣin kan ní ìlú wa ní ohun tí kò rọrùn láti rí rọ́pò.

Ohun kan tún wà nípa ẹṣin tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ẹṣin kì í bì. Ajá tí ó bá jẹ ohun búburú a pọ̀ ọ́, ara rẹ̀ a sì fúyẹ́. Ẹṣin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó bá ti gbé mì ti di tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí bí màlúù, tí ó ní àpò ńlá nínú ikùn níbi tí oúnjẹ ti ń kọ́kọ́ dẹ̀. Èyí ni ó fi jẹ́ pé oúnjẹ tí màlúù jẹ tí kò sì ṣe é ní nǹkan lè pa ẹṣin.

ÀRÙN NÁÀ ÀTI ÀMÌ RẸ̀

Ẹṣin a máa jẹ àgbàdo tí ó bu fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí àmì kankan. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kan ṣoṣo, yóò kọ oúnjẹ. Yóò máa tòògbé lórí ìdúró. Ètè àti ahọ́n rẹ̀ yóò rọ, oúnjẹ yóò sì máa bọ́ sílẹ̀ láti ẹnu rẹ̀. Yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tí ó mutí yó, yóò máa yí po lójú kan, ojú rẹ̀ a sì fọ́. Èyí tí ó ṣe ni láàánú jù lọ ni pé yóò lọ fi iwájú orí ti ògiri tàbí igi, yóò sì dúró bẹ́ẹ̀ láì kúrò. Lẹ́yìn èyí ni gìrì yóò mú un. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lò ju ọjọ́ kan sí mẹ́ta lọ lẹ́yìn àmì àkọ́kọ́. Ní ti àwọn mìíràn, ẹ̀dọ̀ ni àrùn náà kọlù: ojú wọn a pọ́n bí ti ẹni tí ibà apọ́njú mú, orí wọn a sì wú. Nígbà tí dókítà ẹran bá la orí ẹṣin tí ó kú, yóò rí i pé apá kan ọpọlọ náà ti yọ́ di omi.

Kò sí oògùn tí ń wo àrùn yìí. Díẹ̀ ni ó ń yè, ọpọlọ àwọn wọ̀nyí kì í sì sábà padà bọ̀ sípò.

Àrùn náà kì í ran láti ara ẹṣin kan sí òmíràn. Ṣùgbọ́n nítorí pé inú àpò kan náà ni a ti ń bọ́ wọn, méjì tàbí mẹ́ta lè ṣubú ní ọ̀sẹ̀ kan. Níbi yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹṣin bá ń yí po, tí ó sì ń fi orí ti ògiri, ojú aládùúgbò ni àwọn ènìyàn ń wò. Wọ́n á ní, “Wọ́n ti sà sí i.” Ọ̀rẹ́ a dàrú, agboolé a pín sí méjì, àpò àgbàdo tí ó fa gbogbo rẹ̀ a sì wà ní kọ̀rọ̀ yàrá tí ẹnikẹ́ni kò wò ó.

BÍ A ṢE RÍ ÌDÍ RẸ̀

Ní ọdún 1902, dókítà ẹran kan ní Amẹ́ríkà, Tait Butler, fi àgbàdo tí ó bu bọ́ ẹṣin láti dán an wò, ẹṣin náà sì kú ikú tí a ti sọ yìí. Síbẹ̀ àwọn àgbẹ̀ kò jáwọ́. Ní 1934 àti 1935, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún ẹṣin ni àrùn yìí pa ní ìpínlẹ̀ Illinois nìkan, níbi tí àgbàdo pọ̀ bí iyanrìn. Nílẹ̀ Áfíríkà wa pẹ̀lú, ní 1968, àwọn dókítà ẹran kọ ìwé láti Íjíbítì pé àgbàdo tí ó bu ni olórí ohun tí ń fa àrùn ọpọlọ tí ń pa ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ níbẹ̀.

Ní 1988 ni àwọn onímọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, tí Gelderblom àti Marasas wà lára wọn, ṣe àwárí májèlé náà gan-an, wọ́n sì sọ ọ́ ní fumonisin. Ní ọdún kan náà ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún májèlé náà nìkan sí ẹṣin lára, láì fún un ní àgbàdo tí ó bu jẹ, àrùn ọpọlọ náà sì yọjú. Báyìí ni iyèméjì parí.

Iṣẹ́ tí májèlé náà ń ṣe dà bí ti ayédèrú kọ́kọ́rọ́. Ó jọ ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ara fi ń mọ ìbora iṣan àti ọpọlọ. Ara a gbà á wọlé bí ẹni pé ohun rere ni; ó sì há sẹ́nu iṣẹ́ náà, gbogbo iṣẹ́ a dúró.

Ìwọ̀n tí ó tó láti ṣe ibi kéré púpọ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fi òté lé e ní ìmọ̀ràn wọn pé àgbàdo tí ẹṣin yóò jẹ kò gbọdọ̀ ní ju ìdá 5 nínú 1,000,000 lọ, àti pé irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún oúnjẹ rẹ̀. Ẹ wò ó báyìí: nínú àpò mẹ́wàá tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kílò 100, gíráàmù 5 péré ni èyí, nǹkan bí ìyẹ̀fun tí ó kún ṣíbí kékeré kan. Ti màlúù tí a ń bọ́ fún pípa ni ìdá 60. Nípa èyí a lè mọ bí ẹṣin ti jẹ́ ẹlẹgẹ́ tó lábẹ́ ìrísí agbára rẹ̀.

BÍ ÈÉBU ṢE Ń WỌ ÀGBÀDO

Èébu jẹ́ ohun alààyè, ìbátan olú tí a ń rí nínú igbó. Irúgbìn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò rí i, afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ sì kún fún un. Oríṣi méjì ni ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀.

Èkíní ni èyí tí ń fa àrùn ọpọlọ ẹṣin. Láti orí ìdúró nínú oko ni ó ti ń wọ àgbàdo, pàápàá nígbà tí ọ̀dá bá dá kí òjò tó tún rọ̀, tàbí nígbà tí kòkòrò bá ti lu ọmọ àgbàdo tí ó sì ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún un. Funfun tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú ni àwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wà nínú hóró tí ó dán mọ́nránmọ́nrán.

Èkejì ni èyí tí ó ní àwọ̀ ewé, tí májèlé rẹ̀ ń jẹ́ aflatoxin. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bàjẹ́, ti ẹṣin àti ti ènìyàn. Ó ń wọ àgbàdo àti ẹ̀pà nínú oko nígbà ọ̀dá àti ooru, ó sì ń pọ̀ sí i nínú àpò tí kò gbẹ. Ní 1960, ó lé ní 100,000 tòlótòló tí ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà láti Brazil ṣe ni wọ́n jẹ. Nípa wọn ni a fi mọ májèlé yìí. Ní 2004, ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àgbàdo tí a kó pamọ́ ní tútù mú kí ènìyàn 317 ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò pin sórí ẹṣin. Májèlé kan náà tí ń yọ́ ọpọlọ ẹṣin ni àwọn onímọ̀ fura sí nípa àrùn jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ní Transkei ní Gúúsù Áfíríkà, àti nípa àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ní ẹnu ààlà Texas àti Mẹ́síkò ní nǹkan bí 1990 sí 1991. Ẹṣin ṣubú ṣáájú nítorí pé ó jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ó ń kìlọ̀ fún ẹni tí ń jẹ nínú aká kan náà.

Ẹ má sì ṣe rò pé iná yóò pa á. Síse àti yíyan kì í mú májèlé wọ̀nyí kúrò tán. Èébu a kú, májèlé rẹ̀ a sì kù. Ohun tí ń ṣèrànwọ́ ni ṣíṣà. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó múlé tì wá, àwọn onímọ̀ fi hàn ní 2005 pé ṣíṣà, fífẹ́, fífọ̀ àti bíbó èèpo àgbàdo ń dín májèlé méjèèjì kù gidigidi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ohun tí a yọ kúrò kò tíì parẹ́. Ó wà nínú hóró fífọ́, nínú eruku ìsàlẹ̀ àpò, nínú èèpo àti èérí. Àwọn wọ̀nyí gan-an sì ni a máa ń dà fún ẹran! A ń wẹ oúnjẹ tiwa mọ́, a sì ń kó ẹ̀gbin rẹ̀ jọ sí ẹnu ẹṣin.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

1. Kó àgbàdo nígbà tí ó bá gbó. Má ṣe fi í sílẹ̀ lórí ìdúró kí òjò máa pa á. Ìkórè àkọ́kọ́ tí ń bọ́ sínú òjò ni ó léwu jù lọ.

2. Má ṣe sá a sórí ilẹ̀ lásán. Lo ẹní, tàpólì tàbí pẹpẹ, kí o sì kó o wọlé bí òjò bá ṣú.

3. Fi iyọ̀ dán an wò. Mú ìgò tí ó gbẹ dáadáa, rọ àgbàdo sí i tó ìdá kan nínú mẹ́ta, bu ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan sí i, dé e, kí o sì mì ín fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Tún un sá. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, o lè kó o pamọ́.

4. Ṣa àgbàdo kí o tó ṣẹ́ ẹ. Yọ ọmọ àgbàdo tí kòkòrò ti lu àti èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yí padà. Lẹ́yìn ṣíṣẹ́, jọ̀ ọ́ kí hóró fífọ́ àti eruku lè jáde.

5. Gbé àpò sórí pákó, jìnnà sí ògiri, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀. Àwọn baba wa tí wọ́n ń kó àgbàdo sí àjà lókè ààrò kì í ṣe aláìmọ̀kan. Gbá aká mọ́ kí àgbàdo tuntun tó wọ inú rẹ̀.

6. Má ṣe da èyí tí ó bu mọ́ èyí tí ó dára kí ojú oníbàárà má baà rí i. Olè ni, ó sì lè di ìpànìyàn.

7. Má ṣe fi àgbàdo tí ó bu bọ́ ẹṣin, adìẹ tàbí ẹlẹ́dẹ̀. Má sì ṣe fi í pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́; májèlé náà a bá a wọ inú ọtí. Gbẹ́ ihò, kí o sì bò ó mọ́lẹ̀. Koríko gbígbẹ tí ó mọ́ àti ọkà bàbà tí ó mọ́ ni kí o fún ẹṣin, má sì ṣe fún un ní èérí àgbàdo tí o kò mọ orísun rẹ̀.

8. Bí ẹṣin bá kọ oúnjẹ tí ó sì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, dá oúnjẹ náà dúró ní wákàtí náà fún gbogbo ẹṣin tó kù, nítorí èyí ni ó lè gba àwọn tí kò tíì ṣàìsàn là. Fi díẹ̀ pamọ́ nínú oúnjẹ náà, kí o sì ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Má ṣe ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀ láti wo ohun tí kò jẹ́ kí ó lè gbé oúnjẹ mì, nítorí pé àmì àrùn dìgbòlugi jọ èyí, dìgbòlugi sì ń pa ènìyàn.

9. Fún àgbẹ̀ tí ó lè rí i rà, Aflasafe wà. Iṣẹ́ ilé ìwádìí IITA ni, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn níhìn-ín ní 1967, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ láti Amẹ́ríkà. Èébu aláwọ̀ ewé tí kò lè ṣe májèlé ni a fi bo hóró ọkà bàbà tí a ti pa agbára híhù rẹ̀. Kílò 10 ni a ń fọ́n sí hẹ́kítà kan, ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí àgbàdo tó yọ òdòdó, òun a sì gba ààyè mọ́ èyí tí ó burú lọ́wọ́. Ìjọba Nàìjíríà fi àṣẹ tí ó pé sí i ní 2014. Ṣùgbọ́n aflatoxin ni ó ń bá jà. Kò sọ pé kí a má sá àgbàdo, kí a má sì ṣà á.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni mo ti wà lọ́nà agboolé bàbá náà. Mo bá ọkùnrin ẹlẹ́ṣin náà níbẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń kà á, àpò mẹ́fà sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá rí mi, ó ní, “Ẹ wò ó, Tíṣà fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n tà á.” Ojú tì mí. Mo sọ fún àwọn méjèèjì pé mo ti ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì ka ohun tí ó wà nínú ìwé náà sí wọn létí. Ọkùnrin náà ká owó rẹ̀ padà sínú àpò. Ó ní, “Ẹṣin mi kò ju ẹyọ kan lọ.” Ó kí wa, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Bàbá wo àpò rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó wá bi mí pé, “Tíṣà, ta ni yóò san owó mi?”

Èmi kò rí èsì fún un. Owó tí ó lọ, ó lọ ná. A gbẹ́ ihò ní ẹ̀yìn ilé, a sì bo àpò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ mi wá, a da àpò mẹ́jọ tó kù sórí ẹní, a ṣà wọ́n ní hóró-hóró títí oòrùn fi wọ̀, a sì tún wọn sá nígbà tí ojú ọjọ́ là. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, kí bàbá tó rọ àgbàdo sínú àpò kankan, ó kọ́kọ́ béèrè ìgò àti iyọ̀.

Ọlọ́gbọ́n nínú ìwé Òwe kọ́ wa pé olódodo a máa náání ẹ̀mí ẹran ọ̀sìn rẹ̀. Ẹran kò lè béèrè ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti wá. Ohun tí a bá gbé síwájú rẹ̀ ni yóò jẹ. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ sọ pé, “Ẹran ni yóò jẹ ẹ́,” ẹ rántí ẹni tí ó ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín, tí ó sì ní láti jí ní kùtùkùtù lọ gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.